Àyè Kan Nínú Àpótí Irinṣẹ́

Ó fi àtàǹpàkò tẹ inú àyè náà, ó gbé e kúrò, ó tún tẹ̀ ẹ́. Fóòmù ni. Wọ́n gé e bá ìrísí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mu, kí ojú lè tètè rí èyí tí kò bá sí níbẹ̀. Sípánà wà, súkúrúdáráífà wà. Tọ́ọ̀ṣì kékeré, tí kò ju ìka lọ, nìkan ni kò sí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń tún ọkọ̀ òfurufú àwọn ológun ṣe. Kà-á-Tún-Kà làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ka irinṣẹ́ kó tó fọwọ́ síwèé. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó ti mú tọ́ọ̀ṣì náà wọ abẹ́ ìjókòó awakọ̀ nínú ọkọ̀ keje. Ọ̀gá ń pariwo pé àwọn ènìyàn ńlá ti dé. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé, ó wá pa àpótí dé láìwò ó.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n pàtẹ fún aráàlú, pé kó máa fi irinṣẹ́ hàn wọ́n. Ìgbà tó ṣí àpótí ló rí i. Ọkọ̀ keje ti gbéra.

"Bọ̀dá, kí ni wọ́n ń fi eléyìí ṣe?" Obìnrin kan nawọ́ sí ẹ̀mú.

"Wáyà la fi ń gé, mà."

Ó fa Ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún un.

"Lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ."

"Mi ò kí ń gbé irinṣẹ́ relé, sà. Tó bá lọ há sídìí ọ̀pá ìdarí ńkọ́?"

"Kà-á-Tún-Kà! Ìwọ náà?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. "Gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n máa kọjá, wọ́n á balẹ̀. A ó wá a nígbà yẹn, ẹnì kan ò ní gbọ́. Tó o bá lanu báyìí, èmi àtìẹ la jọ máa fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú ẹ̀, sà."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o. Panu ẹ mọ́."

Ariwo dé kó tó dáhùn. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án jọ kọjá, ilẹ̀ mì, àwọn ọmọdé fọwọ́ di etí. Ó ń kà wọ́n. Èkeje tẹ̀ díẹ̀ sósì, àbí ojú rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn okùn tí wọ́n fi dá èrò dúró, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. "Bàbá mi ló tún wọn ṣe! Ẹ bi màámi!"

"Onírọ́," ni ọmọ kan wí.

Àtẹ́wọ́ sọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní kí wọ́n má lọ o, pé àwọn ọkọ̀ náà ń yípo lẹ́yìn òkè, àti pé nígbà tí wọ́n bá padà, orí kodò ni wọ́n máa fò.

Orí kodò.

Ó wo Ọ̀gá. Ọ̀gá wo bàtà ara rẹ̀.

Ó la àárín àwọn èrò kọjá, gbogbo wọn ń wòkè, ó kọjú sí ilé gíga tí wọ́n ti ń bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ juwọ́ sí i. Ọ̀gá pè é lẹ́ẹ̀kan, ó tún pè é. Ó ń lọ.