Àmì Dúdú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Léocadie

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀rín lásán ni. Ẹ̀rín wo? Ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri Paris fún yẹ̀yẹ́, ṣé ẹ bi í bóyá òun náà ń rẹ́rìn-ín?

Léocadie Bruchet ni mò ń sọ, tí ilé wa kan tiwọn. Ọdún mọ́kànlá ló fi kúnlẹ̀ nílé yìnyín, tó ń de bàtà onírin mọ́ ẹsẹ̀ àwọn olówó tó wá ń fi í yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ṣeré lórí yìnyín ibẹ̀. Orúnkún ẹ̀ ti yi bíi ti ràkúnmí. Òun fúnra ẹ̀ ò tẹ yìnyín ọ̀hún rí. Òfin ni: ọjọ́ tí ẹni tó ń de bàtà bá gorí yìnyín, iṣẹ́ tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí oníbàárà tó dé, Varambon ayàwòrán wọlé. Ọ̀gá ilé yìnyín ló gbéṣẹ́ fún un, pé kó ya àwòrán tí wọ́n máa lẹ̀ káàkiri ìlú.

"Màdáámú, ẹ gorí ẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ìṣẹ́jú kan péré."

"Wọ́n á lé mi, ọ̀gá."

"Ta ló máa lé yín? Èmi ni mo bẹ̀ yín. Màá sọ fún ọ̀gá yín."

Ká má parọ́, ó ti ń wu Léocadie tipẹ́. Ó de bàtà mọ́ ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ó gbésẹ̀ kan, ó gbé méjì, ẹ̀ẹ̀kẹta ló fìdí balẹ̀ gbì! Yẹ̀rì ká sókè. Varambon ò nawọ́ sí i. Ó ń yà á lọ ni tiẹ̀.

Kò pẹ́, ìwé dé ara ògiri. Àwọn ọmọge olówó ń yọ̀ lọ bí ẹja nínú omi. Léocadie wà níwájú wọn, ó kọ ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, tòun ti àmì dúdú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Oníbúrẹ́dì wa ń kí i: "Léocadie, ṣé ìdí ti san?"

Ọ̀gá ilé yìnyín ò kí i ní tiẹ̀. "O gorí yìnyín. Máa lọ."

"Ayàwòrán ló bẹ̀ mí, ọ̀gá."

"Kó wá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Ó sáré bá Varambon nílé. Ọkùnrin náà ń fi búrẹ́dì nu àwo ọbẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀ dáadáa, ó ní: "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni àmì tiyín wà. Ti obìnrin inú àwòrán mi, ọ̀tún ni. Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn, màdáámú."

Léocadie padà lọ jẹ́ṣẹ́ fún ọ̀gá. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín: "Gbogbo Paris mọ ìdí ẹ, ìwọ nìkan ni ò dá a mọ̀?"

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lé e, òun ni. Nígbà tó yẹ kí wọ́n gbà á sílẹ̀, òun kọ́.

Àbúrò ẹ̀, Anthelme, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti tẹ ìwé yẹn. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ya àwòrán sí kí wọ́n tó fi tẹ ìwé ló ń fọ̀ níbẹ̀. Ó ní: "Irọ́ ló pa fún yín, ẹ̀gbọ́n mi. Orí òkúta ló yà yín sí. Ohun tó bá wà lósì lórí òkúta, ọ̀tún ló ń bọ́ sí lórí ìwé, bíi ti dígí. Lórí òkúta, òsì gan-an ni àmì yín wà."

"Dìde! Ká lọ gbé òkúta náà fún ọ̀gá!"

Anthelme ò dìde. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀.

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Tá a bá sì tẹ̀ ẹ́ tán, à ń pa á rẹ́ ni, kí wọ́n lè ya òmíràn sí i. Èmi ni mo fi yanrìn àti omi bó o láàárọ̀ yìí."

"O rí mi lórí ẹ̀?"

"Mo rí yín. Ẹ̀rín ló ń pa mí."

Ní báyìí, etí odò ni Léocadie ń kúnlẹ̀ sí, ó ń fọ ṣòkòtò ẹlòmíì nínú omi tó tutù bíi yìnyín. Òjò ò tíì já ìwé yẹn kúrò lára ògiri wa.

Varambon, a mọ ilé ẹ. Ta ló ṣubú lórí yìnyín? Jáde, kó o dáhùn!