Ọ̀pá Tí N Kò Wò Lẹ́nu Odò

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tipa kan da yanrìn sílẹ̀ níwájú ilé kejì tí mo ń kọ́ ní Ìgbókọ̀dá. Mo pè é ní ilé kejì nítorí pé mo ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, kí ó yé yín. Àwọn kọ́lékọ́lé kò tíì fọwọ́ kan yanrìn náà tí òjò fi dé. Bí òjò ṣe bọ́ lu yanrìn tí oòrùn ti ń sun láti àárọ̀ ni òórùn kan dìde nínú rẹ̀: òórùn iyọ̀, òórùn ìkarahun, òórùn ewé tí omi òkun ti rin gbingbin. Mo dúró sínú òjò bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ìyàwó mi ń kígbe láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Bàbá Tóyìn, ṣé kò sí o? Òjò ń pa yín!" Yanrìn etí òkun ni wọ́n já sílẹ̀ fún mi. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo sì rántí ọ̀nà kan tí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè rìn mọ́ láé.

Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn abúlé wa, tí kò jìnnà sí Oríòkè-Ìwàmímọ́, ó sì ń gba etí òkun lọ títí dé èbúté tí ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Mahintedo ń gúnlẹ̀ sí. Ìwé kẹrin ni mo dé tí mo fi sọ síléètì nù, n kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni tó bá kù nínú ẹgbẹ́ wa, kí ẹ bi í léèrè. Yóò sọ fún yín pé kò sí ọmọ tó mọ ọ̀nà yẹn tó mi. Ẹsẹ̀ mi ló ń ka ilẹ̀ bí tíṣà ṣe ń ka ìwé.

Igbó àgbọn lẹ ó kọ́kọ́ bọ́ sí. Atẹ́gùn ti tẹ gbogbo wọn kọjú sílé, wọ́n wá dà bí àwọn ìyàwó ilé tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ. Lábẹ́ wọn, ìtàkùn kan tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò tẹ́ orí yanrìn bí ẹní. Bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀, àwọn akàn kéékèèké á tú ká; akọ wọn, tí ọwọ́ rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ, á dúró lẹ́nu ihò, á máa gbé ọwọ́ ńlá yẹn sókè sódò bí ẹni ń pe oníbàárà. Nígbà tó bá yá, ọ̀nà á yà sínú irà. Ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ ṣókùnkùn, àwọn igi ibẹ̀ sì fi gbòǹgbò dúró lókè ẹrọ̀fọ̀ bí ẹni tó ká ṣòkòtò kó má baà rẹ. Àwọn bàbá wa to ìtì igi lélẹ̀ fún wa láti máa tẹ̀. Ẹ kò ní rí òkun níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó máa gbọ́ ọ lápá ọ̀tún, bí àgbàlagbà tó ń mí lójú oorun. Lójijì, igbó á parí, ìmọ́lẹ̀ á gbá yín lójú, gbogbo òkun á ṣí sílẹ̀, ẹ ó sì rí èbúté lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, àti ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìyẹ̀fun rán. Mo ti dé Èkó, mo ti dé Pọtá. N kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun kan ló kù láàrin yín àti èbúté. Odò kékeré kan já sínú òkun níbẹ̀. Bí omi bá fà, kò ju orúnkún lọ. Bí omi bá kún, ó ń gbé géńdé lọ. Òfin tí a bá nílẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rékọjá láìgún ọ̀pá. Ẹ ó gún ọ̀pá sí etí omi gan-an, ẹ ó jókòó, ẹ ó sì jẹ èkìrí àgbọn kan tán láìkánjú. Lẹ́yìn náà lẹ ó tó wo ọ̀pá. Bí omi bá ti fi í sílẹ̀ sórí yanrìn, omi ń fà nìyẹn, ẹ máa lọ. Bí omi bá ti yí i ká, ẹ padà sílé. Ẹni tó bá gún un náà ló máa ń wò ó, òun náà ni yóò sì dáhùn bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi Orímisàn, tí gbogbo wa ń pè ní Mísàn, ló ń gún ọ̀pá fún wa. Èmi kò ní sùúrù rẹ̀. Àgbọn tí mo máa ń gé jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, Mísàn á máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà. Bàbá rẹ̀ ti kú, ohun tí ó sì fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kò ju àwọ̀n kan lọ. Lọ́dọ̀ wa, opó tó bá ní àwọ̀n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni jẹun. Yóò gbé àwọ̀n rẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀, àwọn náà á sì yọ ìpín àwọ̀n fún un nínú gbogbo ẹja tí wọ́n bá pa. Gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn ni Ìyá Mísàn fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń tún ojú àwọ̀n náà ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ tó parí, ó gbé e kọ́ orí igi gígùn kan fún wa láti gbé lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ ní èbúté. Èmi gbé iwájú, Mísàn gbé ẹ̀yìn. Ìyá Mísàn ní, "Ẹ rọra o. Gbogbo ilé mi lẹ gbé léjìká yẹn."

A dé ẹnu odò lọ́sàn-án. Mísàn gún ọ̀pá, ó gé àgbọn fún mi, ó sì yà sínú igbó láti lọ tọ̀. Ní òdìkejì, àwọn ọkùnrin ń ti ọkọ̀ kan sómi. Wọ́n rí mi. Gbogbo wọn ló mọ̀ mí. "Ọ̀gá Ọ̀nà!" ni wọ́n ń pè mí. "Àbí ẹsẹ̀ ti wọ Ọ̀gá lónìí ni? A ń lọ o!" Àgbà ọkùnrin ló ń pe ọmọdé ní ọ̀gá yẹn. Orí mi wú. Mísàn jáde láti inú igbó, ó ń di ṣòkòtò.

"Ó ti fà?"

"Ó ti fà. Ìka méjì gbáko."

N kò wo ọ̀pá. N kò tilẹ̀ yí ojú sí apá ibi tí ó wà.

A dé àárín odò kí n tó mọ̀ pé omi tó wà ní ìbàdí mi ti dé àyà. Ìgbì kan wọlé láti òkun, òmíràn tẹ̀ lé e. Mo ju igi sílẹ̀, mo sì lúwẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ ọ́n, ẹja kò mọ̀ ọ́n jù mí lọ nígbà yẹn. Mísàn kò jù ú sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi máa fà á jáde, ó ti mu omi yó, okùn àwọ̀n ti ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, òkun sì ti gbé àwọ̀n lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n kó wa dé iwájú ilé Ìyá Mísàn. Pupuru wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Àgbà kan bi wá pé, "Ta ló wo ọ̀pá?"

Mo dáhùn kíá. Mo ní, "Mísàn ló gún un."

Òtítọ́ ni. N kò tíì gbọ́ irọ́ tó burú tó o láti ọjọ́ yẹn. Mísàn yí ojú sí mi. Kò bínú. Ó wò mí pẹ̀lú sùúrù rẹ̀ yẹn, bí ẹni tó ń dúró kí ó mọ̀ bóyá omi ń kún ni tàbí ó ń fà. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó sorí kọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àbúrò Ìyá Mísàn, tó ń pẹja ní Kamẹrúùnù, fi ń padà lọ. Ìyá Mísàn fi ọmọ lé e lọ́wọ́, nítorí kò sí ìpín àwọ̀n mọ́ tí yóò fi bọ́ ọ. Mo wà lẹ́yìn igi àgbọn kan, mo gbọ́ ohun tí ìyá sọ fún ọmọ rẹ̀ létí omi: "Máa lọ. Má padà wá síwájú mi láìmú àwọ̀n dání." Mísàn wọnú ọkọ̀. N kò jáde, n kò sì ju ọwọ́ sí i.

Kò padà wá. Àwọn kan ní ó ti ní ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn mìíràn ní ìjì dojú ọkọ̀ wọn dé. Àbúrò ìyá rẹ̀ kú, a kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́ kejì òjò tó bọ́ lu yanrìn yẹn, mo tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mi, alágbára ẹṣin ogójì ni, kò sí ẹni tí irú rẹ̀ kò wù, mo sì dorí kọ abúlé wa. Ẹ̀yin ọmọ, òkun ti jẹ ẹ́. Àwọn kùkùté àgbọn ń yọrí nínú omi. Èmi Ọ̀gá Ọ̀nà, mo wakọ̀ kọjá lórí ibi tí mo ti ń tẹ òdòdó mọ́lẹ̀, n kò sì mọ ibi tí ẹnu odò wà mọ́, nítorí gbogbo rẹ̀ ti di òkun kan náà.

Mo bá Ìyá Mísàn nínú ilé pákó kan tí wọ́n ti ń sún sẹ́yìn fún òkun lọ́dọọdún. Ọmọ àbúrò rẹ̀ mìíràn ló ń tọ́jú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn mi. Mo gbé búrẹ́dì àti ṣúgà sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì dìde.

"Màmá, èmi ni mo sọ pé omi ti fà. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀bi wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Mísàn. N kò wo ọ̀pá."

Mo rò pé yóò ṣépè, mo sì ti múra láti ṣe àmín sí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le.

"Láti kékeré lo ti ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan jẹ́ tìrẹ. Ìwọ lo mọ ọ̀nà jù. Ìwọ lo mọ omi jù. O tún wá gba èyí náà lọ́wọ́ mi? Omi gbé àwọ̀n, kò gbé ọmọ. Ta ló ní kí ọmọ má padà wá láìmú àwọ̀n? Ìwọ ni?"

"Màmá…"

"Ẹnu mi ni. Gbé tìrẹ, kí o fi tèmi sílẹ̀."

Ẹ̀yin lè máa wo fóònù lónìí kí ẹ tó mọ ìgbà tí omi yóò fà. Ó dára, n kò bú yín. Ọ̀nà ti lọ, igbó ti lọ, òfin ọ̀pá ti bá wọn lọ. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ tí a sọ létí omi yóò bá omi lọ pẹ̀lú. Kò lọ. Ó wà nínú ilé pákó yẹn bí ọjọ́ tí a sọ ọ́, méjèèjì, tèmi àti tirẹ̀, òkun kò sì rí wọn jẹ.

Mo dìde nílẹ̀, mo jókòó tì í. Ó kọjú sí apá ìlà-oòrùn, níbi tí Kamẹrúùnù wà. Èmi náà kọjú síbẹ̀. A wà bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀.