Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Tó Gbé Wa Dé Ibojì Ògúndélé

Òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló máa ń kọ́kọ́ wá sí imú mi bí mo bá rántí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí mo lò ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Sharjah bíi tèmi yóò mọ ìdí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, oòrùn ló ni ilẹ̀. Koríko tí ẹ bá rí, omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tọ́ ọ bí ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Dubai nígbà náà, bí mo ṣe ń ṣe é di òní. Mo gba bedspace, àyè ibùsùn kan nínú yàrá, ní Al Khan ní Sharjah, nílé obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí. Ọmọ Kétu ni, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Yorùbá bíi tiwa, àfi pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ òun níwèé. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ó máa ń ra aṣọ ní Al Baraha ní Dubai, á sì kó o ránṣẹ́ sí Kútọnu àti Èkó. Èmi ní tèmi, dókítà ti kìlọ̀ fún mi nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ni mo bá ra kẹ̀kẹ́. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń lọ gùn ún lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n là sínú aṣálẹ̀, ọ̀nà tó tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Mo ra ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ra, mo ra akoto, mo ra awò dúdú. Mo máa ń ya fọ́tò ara mi ju bí mo ṣe ń tẹ kẹ̀kẹ́ lọ. Lọ́kàn mi, mo ti di ọ̀gá.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, Àǹtí kírun tán, ó wá jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn mi, lẹ́tà kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àbúrò, kẹ̀kẹ́ tó o ń gùn yìí, ṣé o lè gùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀, Àǹtí? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gan-an, no wahala."

Ìgbà náà ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ògúndélé ni orúkọ bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà ogun Hítílà, àwọn Faransé kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kétu ṣe sójà, wọ́n sì mú òun náà lọ. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò. Kò padà wá, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ibi tó ṣubú sí fún wọn. Ọmọ tó ń rákò yẹn ni bàbá Àǹtí, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Láti kékeré ló ti ń béèrè ibi tí bàbá òun sùn sí, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ọdún pípẹ́ ni Àǹtí fi ń kọ̀wé sí Faransé kí wọ́n tó dá a lóhùn. Lẹ́tà náà kò dárúkọ Ògúndélé. Ó kàn sọ pé abúlé kan báyìí ni wọ́n sin àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ sójà kan náà sí.

"Ọkọ̀ ojú irin ló gbé wọn lọ síbẹ̀," Àǹtí wí. "Wọ́n ti hú irin náà kúrò, wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ kankan kì í gbà á. Ibi tí bàbá bàbá mi gbà ni mo fẹ́ gbà. Mi ò fẹ́ fi taksí wọ ibẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí mọ́ọ̀lù."

Mo gbà láti tẹ̀ lé e. Kí n má purọ́, ìrìn àjò Faransé ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú, kì í ṣe òkú. A dúró de visa títí, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn ń wá láti Kétu pé Baba, bàbá Àǹtí, kì í jẹun dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ tí visa jáde, Àǹtí kò yọ̀. Ó kàn wí pé, "Khalas, ó ti tán, ká máa lọ. Ká má pẹ́."

Ní ìlú kékeré kan ni a ti háyà kẹ̀kẹ́. Mo ti múra láti kọ́ Àǹtí bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Mo ń sọ ti bíréèkì lọ́wọ́ nígbà tó so etí gèlè rẹ̀ sábẹ́ akoto, tó gbé ẹsẹ̀, tó sì ti lọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kẹ̀kẹ́ ló fi ń ru iṣu láti oko wá sílé. Ta ló bi mí?

Ọ̀nà náà dára kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Kò sí họ́ọ̀nù, kò sí èéfín. Ìró táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́ àti ohùn ẹyẹ nìkan là ń gbọ́. Igi pàdé lórí wa bí òrùlé, àwọn màlúù dúró sẹ́yìn ọgbà wọn, wọ́n ń wò wá bí ìyá arúgbó tó ń wo àlejò. Níbì kan, ilé ìdúró ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ti di ilé ẹni kan, aṣọ sì wà lórí okùn níbi tí àwọn èrò ti máa ń dúró. Mo kọ́ pé Faransé kò tẹ́jú bí aṣálẹ̀ wa. Síbẹ̀, ìgbéraga kò jẹ́ kí n rìn jẹ́jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, mo fi Àǹtí sílẹ̀ lẹ́yìn, mo ń sáré sọ̀ kalẹ̀, ni táyà mi bá yọ̀ lórí ewé tútù. Inú kòtò ni mo bá ara mi, láàárín ewé kan tó ń jó ni bí èsìsì.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àǹtí tó dé. Ó wo orúnkún mi, ó bu omi nínú ike tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó fọ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò.

"Nọ́ọ̀sì," ó wí, "ta ni yóò tọ́jú rẹ tí mi ò bá sí níbí? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Yalla, dìde."

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wà. Gbogbo abúlé tí a bá ti kọjá ló ní òkúta kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ wọn tó bá ogun lọ sí. Abúlé tí ilé rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ lè ní ogún orúkọ. Àǹtí máa ń dúró, á ka orúkọ wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń sú mi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, èmi náà ti ń bá a kà, ó ń tún ahọ́n mi ṣe pé "ou" tiwọn, "u" tiwa ni.

Ọjọ́ kẹta la dé abúlé náà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ibi ìsìnkú wà, tí wọ́n ya igun kan sọ́tọ̀ fún àwọn sójà, bí ogójì òkúta funfun. A wá orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú O. A kò rí i. A tún wá a lẹ́ẹ̀kejì. Àǹtí jókòó sílẹ̀ sórí koríko, ó bọ́ akoto rẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún Baba báyìí?" Ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀ mọ́.

Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn òkúta náà sókè, bí mo ṣe máa ń pe aláìsàn níbi iṣẹ́. Ní òpin ìlà kejì, mo ka ọ̀kan tí mo ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì, tí mo rò pé òyìnbó ni: Goundélé.

Àǹtí gbórí sókè. "Tún un pè."

"Gúndélé."

Wọ́n ti gé orí orúkọ náà kúrò. Ó dìde, ó wá gbé ọwọ́ lé òkúta náà. "Ẹni tí wọ́n sọ ní Ògúndélé ni kò délé yìí," ó wí. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. "Ẹ kúulé o, Baba. Àwa ọmọ yín rèé." Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, èmi tí mò ń gbé àárín aláìsàn.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí ìyá arúgbó kan wọlé pẹ̀lú agé omi. Ó bi wá ní èdè Faransé ẹni tí a ń wá, Àǹtí sì fi hàn án. Obìnrin náà gbé agé sílẹ̀. Ó ní ìyá òun ló ń tọ́jú ibojì àwọn sójà yìí, òun sì gbà á lọ́wọ́ ìyá òun. Gbogbo ọdún lòun ń gbin òdòdó síwájú òkúta yìí, tí òun sì ń bi ara òun bóyá ó ní èèyàn níbì kankan. Àǹtí tún kúnlẹ̀ fún un, orúnkún méjèèjì. Ẹ̀rù ba ìyá náà. Ó rò pé Àǹtí ṣubú ni, ló bá ń fà á dìde.

Ní Dubai, ìpè WhatsApp kì í lọ, ohùn nìkan la máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí Kétu. Ní Faransé lọ́jọ́ náà, ìpè wọlé, a rí ojú Baba lórí ibùsùn rẹ̀. Àǹtí gbé fóònù sí iwájú òkúta. Baba wò ó pẹ́.

"Bàámi," ó wí, "ẹ kú àtijọ́." Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ta ló ń gbálẹ̀ fún wọn? Ibẹ̀ mọ́."

Àǹtí yí fóònù sí ìyá arúgbó náà. Baba bọ́ fìlà lórí. "Ẹ sọ fún un pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Nígbà tí èmi ò sí níbẹ̀, òun ni ọmọ bàbá mi."

Kí Àǹtí tó túmọ̀ rẹ̀, omi ti ń dà lójú ìyá náà.

Baba lo oṣù mẹ́ta sí i. Wọ́n ní ó jẹun, ó sì ń fi fọ́tò òkúta náà han gbogbo ẹni tó bá wá kí i. Nígbà tó lọ, Àǹtí kó ẹrù rẹ̀ padà sí Kétu. Èmi ṣì wà ní Al Khan.

Fún ìgbà pípẹ́, mo gbà pé nítorí kẹ̀kẹ́ ni Àǹtí ṣe mú mi dání, kó lè ní ẹni tó mọ ojú ọ̀nà. Ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni mo bi í lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ìwọ tí mo yọ nínú kòtò? Ẹ̀rù ló ń bà mí, àbúrò. Mo mọ̀ pé tí mi ò bá rí i, ẹsẹ̀ mi ò ní lè gbé mi jáde níbẹ̀. Mo ń wá ẹni tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ni mo bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé èmi ló pè.