Gbólóhùn Kan Tí Ọ̀gá Ní Kí N Yọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tójú mi rí níbi iṣẹ́, torí bí mi ò bá sọ ọ́, ikùn mi á bẹ́!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Ẹdẹ. Táwọn yòókù bá ṣe nǹkan tuntun, èmi ni mo máa kọ ìwé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́tẹ̀ yìí, AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn tó sì ń dá ṣiṣẹ́, ló máa lò ó. A ní àwọn iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń dá ṣe fáwọn oníbàárà wa, bíi kó máa fi mẹ́sẹ́èjì rán èèyàn létí. Tí AI bá fẹ́ mọ àwọn iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀, ohun tuntun yìí ló máa to gbogbo wọn sílẹ̀ fún un. AI náà ló sì máa ka ìwé tí mo bá kọ. Ohun tí mo bá sọ níbẹ̀ ló máa gbà gbọ́.

Àmọ́ èmi kì í kọ ohun tí mi ò dán wò. Mo dán an wò, mo rí i pé irọ́ ni "gbogbo" yẹn! Àwọn iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ nìkan ló ń tò. Èyí tẹ́ ẹ bá dá dúró fúngbà díẹ̀, kò ní dárúkọ ẹ̀ rárá, àfi tẹ́ ẹ bá béèrè ẹ̀ lọ́tọ̀. Mo wá kọ ọ́ gàdàgbà sókè ìwé: "Iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró kì í hàn níbí. Béèrè ẹ̀ lọ́tọ̀."

Ọ̀gá Kúnlé, tó ni ọ́fíìsì, kà á, ó fajú ro. Ó ní kí ló dé tí mò ń tú àṣírí ilé síta? Pé ta ló ń tajà tó ń dárúkọ àbùkù ọjà ẹ̀? Kí n yọ ọ́, àwọn máa tún un ṣe tó bá yá. Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ó ní ìgbà tóun ti ń ṣe kọ̀ǹpútà, jẹ́lé-ó-sinmi ni mo wà! (Ẹ ó rí i pé mi ò pọ́n ọn lé mọ́. Ẹ jẹ́ n wà bẹ́ẹ̀.)

Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú sà, mo yọ ọ́. Ṣebí wọ́n tọ́ wa pé a kì í bá àgbà jiyàn?

Oníbàárà wa kan ń ta abẹ́rẹ́ àjẹsára adìyẹ. Tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá pé, kọ̀ǹpútà ló máa ń fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ sáwọn olóko adìyẹ ní Alájùé pé àwọn ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Wọ́n dá mẹ́sẹ́èjì yìí dúró nígbà Iléyá. Lẹ́yìn ọdún, wọ́n ní kí AI tan gbogbo iṣẹ́ tó dúró padà. AI wo àkójọ, kò rí iṣẹ́ kankan tó dúró, ó ní ohun gbogbo ń lọ déédéé. Wọ́n sì gbà á gbọ́!

Ta ló wà nínú àwọn olóko yẹn? Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Sìkírá! Látìgbà tí ọkọ wọn ti kú, igba ọmọ adìyẹ yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n dá dáwọ́ lé. Wọ́n mọ̀ pé àsìkò abẹ́rẹ́ ń tó, àmọ́ wọ́n ní tó bá pé, ṣebí mẹ́sẹ́èjì á wọlé. Lùkúlùkú, àrùn tó ń pa adìyẹ, ló wọlé. Nígbà tí mo fi máa dé Alájùé, àpò ni wọ́n ń kó òkú adìyẹ sí. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń sọ pé, "Rọfíà, fóònù ò dún o. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó."

Mo padà dé ọ́fíìsì, ọ̀gá ń sọ lójú gbogbo èèyàn pé ṣebí Rọfíà ló kọ ìwé, kí ló dé tí kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró kì í hàn?

Háà! Èmi kẹ̀? Mi ò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o! Mo ṣí ìwé àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo ka gbólóhùn mi sókè, mo tún ka ohun tí òun fúnra ẹ̀ kọ sábẹ́ ẹ̀: "Yọ èyí." Ó ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní mo gbà. Mo dá gbólóhùn náà padà sáyè ẹ̀ lójú ẹ̀, mo ní ẹni tó bá tún yọ ọ́, kó lọ bá àwọn ará Alájùé ṣàlàyé fúnra ẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi. Àmọ́ kì í ṣe sí ọ̀gá nìkan, sí ara mi náà ni. Àǹtí mi bi mí bóyá mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní kí n dìde. Láti ọjọ́ náà, wọn ò tíì pè mí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ máa fi orúnkún bọ̀wọ̀ fágbà, àmọ́ ẹ má torí ọ̀wọ̀ fi òótọ́ sílẹ̀. Ta ni wọ́n ti ní kó yọ òótọ́ kúrò nínú iṣẹ́ ẹ̀ rí nínú yín? Ṣé ẹ yọ ọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mi ò ní bú yín. Èmi náà yọ ọ́.