Wassiou àti gbodo abẹ́ báàṣì

Eruku ló kó Wassiou nírìíra jù láyé. Ejò kò tó o. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ kò tó o. Bí ọyẹ́ bá ti dé sí Manigri, tí afẹ́fẹ́ bá gbé eruku pupa dé láti apá Bassila, ojú rẹ̀ á fún pọ̀ bí ojú ẹni tó jẹ ewúro. Á da aṣọ bo àmù omi. Á da aṣọ bo alùpùpù. Á da aṣọ bo àwo ọbẹ̀, á sì máa ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà jẹun. Á máa tutọ́. Pẹ̀ẹ̀. Pẹ̀ẹ̀. Habibatou, ìyàwó rẹ̀, á ní kó rọra, kí itọ́ má baà tán lẹ́nu rẹ̀ kí òjò tó dé.

Bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ ni. Iṣu àti kajú, bíi ti bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ tó bá jókòó sí ààyè rẹ̀, òun àti Wassiou gbọ́ ara wọn yé. Èyí tó ń fò ni kò lè fojú rí.

Lọ́dún náà, òjò tètè dá. Iṣu rí tín-ín-rín. Habibatou bó èyí tó rí, ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ó sá a sórí àpáta lẹ́yìn ilé kó lè di gbodo. Gbodo yẹn ni ilé yóò máa jẹ títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Kò sí òmíràn. Lẹ́yìn náà ó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Pénéssoulou.

Ló bá di pé eruku dé. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Oòrùn ràn bí àwo tí wọn kò fọ̀. Gbodo tó funfun ń pọ́n lọ, bí ẹni pé wọ́n fi osùn pa á. Wassiou tutọ́.

“Ṣé èyí ni n ó jẹ? Kí n máa jẹ ilẹ̀ bí adìyẹ?”

“Adìyẹ jẹ ẹ́, ó sanra,” ni Soulé aládùúgbò rẹ̀ fọhùn láti ẹ̀yìn ògiri. “Ìwọ lo rù.”

Wassiou wọlé, ó gbé báàṣì jáde, rọ́bà dúdú ńlá tó fi ń bo kajú. Ó nà án sórí gbodo tó ṣì tutù. Ó fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yíká. Eruku kan kò ní ráyè wọlé. Ó sùn dáadáa.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Moufidatou, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ ìmọ̀ físíìkì ní Parakou, wá sílé fún ìsinmi. Eruku ṣì ń fẹ́.

“Bàbá, ẹ kú ilé. Kí ló ń rùn báyìí?”

“Ewúrẹ́ Soulé ló kú síbì kan.”

Moufidatou tẹ̀ lé òórùn náà dé orí àpáta. Ó ká etí báàṣì. Ooru kíkan gbá a lójú. Omi ń kán láti inú rọ́bà. Gbodo ń yọ̀ bí ìgbín. Irun hù lára rẹ̀, funfun, àwọ̀ ewé, dúdú. Wassiou, tó ti tẹ̀ lé e débẹ̀, fọwọ́ kan ọ̀kan, ìka rẹ̀ wọnú. Ó nu ìka náà mọ́ ṣòkòtò, ó tún nù ún, kò mọ́.

“Kí eruku má baà kó sí i ni,” ló sọ.

Moufidatou jókòó sórí òkúta. “Bàbá, ayé pupa kan wà lókè tó ń jẹ́ Màásì. Eruku lè bo gbogbo rẹ̀, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.”

“Ṣìọ̀! Ẹ̀gbin.”

“Omi díẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Otútù òkè ló ń ṣe ìdérí fún un. Bí ooru omi bá gòkè, á kan otútù, á di yìnyín, á padà sísàlẹ̀. Bíi ti ìkòkò Màmá, tí omi ń kán láti ara ìdérí. Ṣùgbọ́n bí eruku bá gbéra, oòrùn á mú eruku gbóná, eruku á mú afẹ́fẹ́ gbóná. Ìdérí ti ṣí nìyẹn. Ooru omi á gòkè réré, oòrùn á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, èyí tó fúyẹ́ jù nínú rẹ̀ á sá jáde kúrò ní ayé yẹn. Kò ní padà láéláé.”

“Eruku ń jí omi wọn gbé, wọ́n ń wò ó? Ṣé kò sí àgbà níbẹ̀ ni?”

“Kò sí ènìyàn níbẹ̀, Bàbá.”

“Wọ́n gbọ́n. Wọ́n ti sá.”

Moufidatou rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí báàṣì. “Ìdérí lẹ fi bo gbodo. Omi inú rẹ̀ kò ríbi lọ.”

“Jẹ́ kí eruku rọlẹ̀, n ó ṣí i.”

“Tó bá fi máa rọlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ti bu. Eruku kọ́ ló ń gbẹ gbodo, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó gbé e wá ni. Wọn kì í pínyà. Ẹ gba méjèèjì.”

Wassiou wo òkè. Pupa. Ó wo ilẹ̀. Ó ṣí àwọn òkúta kúrò fúnra rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa báàṣì kúrò. Eruku bọ́ sórí gbodo, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Wassiou fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa gbodo náà sọ́tọ̀: èyí tó ti bu, wọ́n gbẹ́ kòtò wọ́n sin ín, ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ìdajì àti díẹ̀ ló kù.

Nígbà tí Habibatou dé, gbodo ti le, ó ń dún bí igi gbígbẹ. Ó wo bó ṣe kéré tó. Ó fọ̀ ọ́, ó gún un, ó jọ̀ ọ́, ó rokà.

Wassiou mú òkèlè àkọ́kọ́. Ẹnu rẹ̀ dúró.

“Bàbá Moufida, ṣé eruku ń dún léyín?”

“Ó ń dún.”

“Ẹ gbé e mì. A kò ní èyí tí a ó tu dànù mọ́.”

Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó gbé e mì.