Ajá Tí Kì Í Dáhùn Ìpè Àlejò

"Ẹ ṣọ́ra o! Ajá kan ti já. Ó ga, ó gbẹ, gbogbo egungun ìhà rẹ̀ ló hàn síta. Ẹ̀bá adágún omi ní Thamesmead North la ti rí i. Ẹni tó bá rí i kó pe àwọn yòókù, kí a jọ yí i ká, kí a mú un kó tó ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni léṣe."

Ìkìlọ̀ yìí wọlé sórí WhatsApp àwa ìyá àdúgbò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i ká." Ẹnì kan béèrè ìdí. Òmíràn ní, "Auntie, ṣé ẹ ti di lọ́yà ajá ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò fèsì, torí èsì mi gùn ju ohun tí mo lè tẹ̀ sórí fóònù lọ. Òun ni mo jókòó kọ yìí.

Àwa náà ní irú ajá yẹn rí. Azawakh ni wọ́n ń pè é. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ló mú un wọlé. Kó tó dé London tó di awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó ti ṣe ọmọ ọkọ̀ lórí lọ́rì tó ń kó àlùbọ́sà láti Niger wá sí Ìbàdàn. Etí aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti rí àwọn ajá náà lọ́dọ̀ àwọn Tuareg, àwọn darandaran tó máa ń fi láwàní bojú. Ó ní orí òrùlé koríko ni wọ́n máa ń sùn sí. Bí àlejò bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀kan á gbó, gbogbo wọn á sì bẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń ṣọ́ àgọ́, wọ́n ń ṣọ́ ewúrẹ́ àti ràkúnmí, wọ́n sì ń lé ehoro. Ojú ni wọ́n fi ń ṣọdẹ, kì í ṣe imú. Àwọn òyìnbó tó lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló kó díẹ̀ wá sí Yúróòpù, títí di òní wọn ò pọ̀.

Ìyá òyìnbó kan tó máa ń wọ bọ́ọ̀sì ọkọ mi lẹ́bàá Plumstead Common ló ní èyí tó di tiwa. Ó ń kó lọ sí ilé àwọn arúgbó, kò sì rí ẹni gba ajá rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi sọ ọ́ fún mi, mo kọ̀.

"Mùsùlùmí ni wá," mo ní. "Níbo la ó ti máa kírun?"

"Nínú pálọ̀ tí a ti ń kí i. Ajá ò ní bá ẹ tò ní sàfù ìrun."

Mo fi òfin kan lélẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà nílẹ̀ láàárín kíṣìnì àti pálọ̀, níbi tí táìlì ti pàdé kápẹ́ẹ̀tì. Ajá ò gbọdọ̀ kọjá irin yẹn. Ọkọ mi fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọ. Láti ọjọ́ kẹrin, yóò dùbúlẹ̀ ní kíṣìnì, yóò to ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn irin náà gẹ́lẹ́, yóò máa wò wá bí a ṣe ń kírun. Kò kọjá ibẹ̀ rí.

Kì í ṣe ajá tó ń ju ìrù fún gbogbo ayé. Bí àlejò bá na ọwọ́ sí i, yóò yẹ̀, yóò lọ dúró síbi tí ọwọ́ kò ti tó o. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ló gbà kó tó jẹ́ kí èmi tí mò ń fún un lóúnjẹ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbà ẹ́, ó gbà ẹ́ nìyẹn. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà ọmọ wa obìnrin, lẹ́yìn náà èmi. Kò sí ẹnì kẹrin. Ara rẹ̀ kò ní ọ̀rá, irun rẹ̀ fẹ́lẹ́, òtútù London sì máa ń jẹ ẹ́ níyà. Mo rán ẹ̀wù òwú fún un, mo wọn àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé aṣọ.

Àwọn ènìyàn wa kò yé fi rírù rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Alápatà tí mo máa ń ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ ní Woolwich rí i lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mummy, àwa ń gba ààwẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́, ajá tiyín ń gba ti ọdún kan!" Mo sọ fún un pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ó fi egungun kún ẹran mi.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ajá náà dé, ọkọ mi ṣubú níbi iṣẹ́, kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọ wa nígbà náà. Kò sunkún níwájú ènìyàn. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Yóò wọ ẹ̀wù òtútù tí bàbá rẹ̀ fi ń lọ síbi iṣẹ́, yóò sùn sílẹ̀ ní kíṣìnì, yóò gbé orí lé ẹ̀yìn ajá, yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo máa ń dúró sí kọ́rídọ̀ kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń dúpẹ́ pé ó rí nǹkan kan bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ la ṣe àdúrà fídáù. Mo mọ̀ pé àwọn alfa ń bọ̀, àwọn àgbà láti mọ́ṣáláṣí ń bọ̀, àwọn ará ibi iṣẹ́ ọkọ mi ń bọ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n gbé ajá jáde. Èmi ni mo rò ó fúnra mi. Mo ní yóò wà ní ṣẹ́ẹ̀dì, ilé pákó kékeré inú gáàdìn, fún wákàtí méjì.

"Mummy, ó cold níta," ni ọmọ mi wí. "Kì í kúkú kọjá line yẹn."

"Àwọn alfa ni yóò wọlé. Má dójú tì mí."

Mo wọ ẹ̀wù òwú fún ajá náà. Mo tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì sílẹ̀ fún un. Mo kọ ìwé ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ẹ̀yìnkùlé pé kí ẹni tó bá wọlé tì í padà. Mo dán ìkọ́ ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì wò lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, àga kò tó nínú pálọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wa pín oúnjẹ bi mí níbo la kó àwọn àga yòókù sí.

"Wọ́n wà ní ṣẹ́ẹ̀dì," mo ní.

Ẹnu mi ló ti jáde. Nígbà tí mo fi rántí ohun tó wà níbẹ̀, onítọ̀hún ti ṣí ilẹ̀kùn, ajá sì ti gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Géètì wà ní ṣíṣí torí wọ́n ń gbé kúlà oúnjẹ wọlé.

Ọmọ mi jáde tẹ̀lé e, kò wọ bàtà. Kò sáré, kò pariwo. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé irú ajá yìí kì í dáhùn tí ẹ̀rù bá ń bà á. Bí o bá lé e, ìwọ náà di ohun tó ń sá fún. Ó ní kí ó jókòó sílẹ̀, kí ó kẹ́yìn sí i, kí ó tẹ́ aṣọ tí ajá mọ òórùn rẹ̀, kí ó dúró. Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn. Ó jókòó sórí koríko níta géètì náà, ó tẹ́ ẹ̀wù bàbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ajá ti lọ tó ọgọ́ta ìṣísẹ̀. Ó dúró. Ó wẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí omi.

Èmi dúró sí géètì, mò ń wò ó. Ó yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí ẹsẹ̀ lásán ọmọ mi lórí koríko tútù, mo rí ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ ń gbà lápá ọ̀tún rẹ̀, mo rí odò lápá òsì, ọkàn mi ò gbà á. Mo yíjú sílé, mo figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ẹ wá bá mi mú un!"

Wọ́n sì wá. Ṣé ẹ mọ àwa ènìyàn wa, a kì í dá opó sílẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n tú jáde, àwọn ọkùnrin pẹ̀lú jàlámíà, àwọn ìyá pẹ̀lú híjáàbù, ẹnì kan mú itan adìyẹ dání. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀.

"Ẹ dí ibẹ̀ yẹn!"

"Uncle, ẹ gba apá òsì, ẹ má jẹ́ kó yọ!"

"Mummy, sọ fún wọn kí wọ́n stop!" Ọmọ mi ò dìde, kò yíjú. "Please, kí wọ́n padà!"

"Má bẹ̀rù, ọmọ mi," ni ìyá kan dá a lóhùn, tìfẹ́tìfẹ́. "A ó mú un fún ẹ."

Wọ́n ti yí i ká tán, àfi ibì kan ṣoṣo. Ọ̀nà ọkọ̀ ni. Ibẹ̀ ni ajá náà gbà. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan gbá a. Awakọ̀ náà ò jẹ̀bi, ojú ẹsẹ̀ ló dúró.

Alfa àgbà ló bọ́ aṣọ èjìká rẹ̀ tó fi bò ó. Ó bi mí pé kí ni ajá ń ṣe níta nínú òtútù. Mo ní nítorí tiwọn ni.

"Nítorí tiwa?" Ó kọjú sí mi. "Mummy, ọkọ yín bi mí kó tó mú un wọlé. Mo sọ fún un pé nínú ẹ̀kọ́ tí àwa ń tẹ̀ lé, ajá kì í ṣe ẹlẹ́gbin. Ẹ̀ bá ti bi mí."

Mi ò bi í. Èmi tí mo máa ń bi dókítà ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan ṣoṣo ni ọmọ mi sọ lálẹ́ ọjọ́ náà: "Ó ku step mẹ́jọ kó dé ọ̀dọ̀ mi." Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tó wà ní ilé ìwé, mo lọ síbẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ibi tó jókòó sí títí dé ibi tí mo rántí pé ajá dúró sí. Méje àti ààbọ̀ ni. Mi ò sọ fún un.

Ọdún méjì ó lé oṣù mẹ́rin nìyẹn. Kò dárúkọ ajá náà fún mi rí láti ìgbà náà, títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo fi ìkìlọ̀ yẹn hàn án. Ọkùnrin kan tó ń gbé lẹ́bàá Plumstead Common ló ni ajá tó já yìí. Ó ti lẹ ìwé tó ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ mọ́ òpó iná káàkiri. Ọmọ mi pè é. Ó gba bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ajá náà fi ń sùn lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti jáde nílé ìwé, ẹ̀bá adágún ló ń lọ jókòó sí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Èmi ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lódìkejì omi, mò ń ṣọ́ ọ, mo sì ń di ẹnu mi mú. Lánàá, ajá náà yọ lẹ́yìn àwọn igi, ó dúró wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó padà lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ajá náà, ẹ má pè é, ẹ má lé e, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára òpó. Bí ẹ bá sì rí ọmọbìnrin kan tó dá jókòó sórí koríko lẹ́bàá omi, tó kẹ́yìn sí igbó, ẹ má wá ràn án lọ́wọ́. Ẹ gba ọ̀nà mìíràn kọjá.