Ìborùn Funfun Ilé Gillanders

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Dolina Gillanders, ó yẹ ọwọ́ mi wò kí ó tó jẹ́ kí n wọlé. Kíìtì ọmọbìnrin mi, aṣọ ìbàdí oníṣẹ̀ẹ́po tó fi ń jó, ni mo gbé lọ bá a, kí ó bá wa tú u kí ó gùn sí i, nítorí ọmọ náà ti ga ju aṣọ rẹ̀ lọ.

Ó ní, "Ẹ lọ fọ ọwọ́. Aṣọ funfun kì í gbàgbé."

Mo fọ ọwọ́. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ìlú wa, Crieff. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń rán kíìtì ní yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó sì ní òfin tirẹ̀. Táátàn funfun, aṣọ onílà ìbú àti òòró tí a fi ń rán kíìtì, ti àwọn obìnrin tó ń jó ni. Ọkùnrin tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ibi ìsìnkú, kí ó wá aránṣọ mìíràn lọ. Bí a bá sì ń ṣẹ́ ẹ po, inú ìṣẹ́po ni kí funfun sá pamọ́ sí, kí ó lè máa yọ fìrì bí ọmọ bá fò sókè. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ibi tí òfin yìí ti wá, yóò ṣí àpótí, yóò sì gbé ìborùn ìyá-ńlá bàbá rẹ̀ jáde: irun àgùntàn funfun tó ti rẹ̀, tí ìlà aláró àti dúdú gba ìbú gba òòró rẹ̀.

Yóò ní, "Àwọn ìyá wa kì í fi aró ṣòfò. Irun àgùntàn bó ṣe wà ni wọ́n ń hun, wọ́n á fi ìlà díẹ̀ sí i, wọ́n á dà á borí títí dé kókósẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo funfun yìí ti ṣẹ̀ wá. Ẹ lọ wá irú èyí níbòmíràn, ẹ ò ní rí i."

Nígbà ìrúwé ọdún kan, ìgbìmọ̀ ijó ìlú pinnu pé ìlà ìborùn náà ni àwọn ọmọbìnrin yóò máa wọ̀ jó lọ́jọ́ eré ìlú, bí ó bá ti pẹ́ tó bí Dolina ṣe wí. Wọ́n ránṣẹ́ sí Lachlan Pirie, ọkùnrin kan tó mọ aṣọ àtijọ́, kí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí Pirie bá gbà, orúkọ ilé Gillanders yóò máa jó káàkiri pápá. Bí kò bá gbà, ogójì ọdún ọ̀rọ̀ ẹnu Dolina di ẹ̀rín.

Ara ti fu Dolina kí ọkùnrin náà tó jókòó. Bàtà rẹ̀ mọ́ jù. Ó sì yin tíì kí ó tó tọ́ ọ wò. Ó tẹ́ ìborùn náà sórí itan, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ìṣẹ́tí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá eegun ẹ̀yìn àgbò. Ní igun kan, àtàǹpàkò náà dúró. Lẹ́yìn náà ó tún ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

"Kí lẹ rí níbẹ̀ yẹn?"

"Aṣọ dáadáa ni, mà."

"Mi ò bi yín bóyá ó dáa."

Pirie rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ bá mi yọ̀ǹda ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mà. Mo fẹ́ tú ìṣẹ́tí ẹ̀ díẹ̀, kí n wo inú."

"Ẹ padà wá láago mẹ́wàá ọ̀la. Mi ò tíì ní bẹ́ẹ̀ ni o."

Bí Pirie ti ń lọ ni Dolina lọ bá Netta, aládùúgbò rẹ̀, lójú ọgbà.

"Netta, olè lọkùnrin yẹn."

"Èwo? Èyí tó so táì mọ́rùn yẹn?"

"Á gbé e lọ, á hun irú ẹ̀, á wá kó ayédèrú wá fún mi."

"Dolly, ṣebí ìwọ náà lo ní àlùfáà ń ka òdòdó ọgbà ẹ lọ́dún èṣín."

"Ó ń kà á!"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ó dúró sinmi ni." Netta gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Bí ọkàn ẹ ò bá balẹ̀, sàmì sí i. Ṣebí bá a ṣe ń ṣe àgùntàn nìyẹn?"

Ìmọ̀ràn náà wọ Dolina létí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó jẹ ògì ọkà ótì rẹ̀ tán, ó mú òwú aláwọ̀ ewé kan, pé inú ìṣẹ́tí ni òun yóò fi pamọ́ sí, kí òun lè dá tòun mọ̀. Igun tí àtàǹpàkò Pirie ti dúró gan-an ló yàn. Ó já òwú márùn-ún, mẹ́fà, ó ṣí ìṣẹ́tí náà.

Okùn pupa kékeré kan wà níbẹ̀, tí wọ́n ta ní kókó mọ́ etí aṣọ.

Kò nílò ẹni tí yóò sọ ohun tó jẹ́ fún un. Ní ọdún 1956, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun àti ìyá rẹ̀, Peigi, jọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan. Níbikíbi tí àṣìṣe bá ti wà lára aṣọ, wọ́n á so okùn pupa mọ́ etí rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè rí i. Òun fúnra rẹ̀ ti so ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ta ni yóò jókòó sí ìdí òfì ilé ara rẹ̀, tí yóò máa so irú rẹ̀ fún ara rẹ̀? Aṣọ ilé iṣẹ́ ni. Ó wo ìlà náà dáadáa, ó kà á. Ìlà aláró kan ló fò. Abájọ tí kò fi rí irú rẹ̀ níbòmíràn rí.

Inú ìṣẹ́tí náà funfun bíi wàrà; ìta rẹ̀ ló pọ́n. Ó wá rántí korobá tíì ṣíṣá tí ìyá rẹ̀ máa ń tọ́jú sẹ́yìn ilé. Ó ti máa ń rò pé ti òdòdó ni, kò mọ̀ pé ti aṣọ ni.

Gbogbo ayé ni Dolina ti fura sí, láti orí àlùfáà dé orí apínwèé. Peigi nìkan ni kò fura sí rí.

Àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá gé okùn náà lẹ́ẹ̀kan, tó sì rán ìṣẹ́tí padà, ó tán. Ó gbé ẹnu àlùmọ́gàjí sára okùn náà. Aago lù mẹ́wàá. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó lọ ṣílẹ̀kùn, ó sì tẹ́ ìborùn náà sórí tábìlì, tòun ti okùn pupa lójú.

"Ọ̀gbẹ́ni Pirie, àná lẹ ti mọ̀."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. "Àtàǹpàkò mi kàn án, mà."

"Kí ló wá dé tẹ́nu yín wọlẹ̀?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ nínú ilé yín, nídìí tíì yín?"

"Tíì tẹ́ ẹ yìn kẹ́ ẹ tó mu ún."

"Kò dùn, mà."

"Mo mọ̀." Dolina fa àga fún un. "Nítorí náà, ẹ ń fi nǹkan pamọ́ fún mi lóòótọ́."

"Mò ń fi pamọ́, mà. Ẹ ò ṣìnà."

Ọ̀rọ̀ yẹn tù ú nínú ju bó ti yẹ lọ.

Kò jẹ́ kí Pirie kọ lẹ́tà kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde níwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, tó fi okùn pupa hàn wọ́n. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n yan ìlà mìíràn, òun náà ló sì rán kíìtì mọ́kànlá fún wọn, tó ń ráhùn pé funfun aṣọ náà ò ṣeé gbọ́kàn lé.

Ilé yẹn náà ló ṣì ń gbé. Ìborùn náà wà lójú fèrèsé rẹ̀, ìṣẹ́tí rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ ní igun kan, Dolina sì kọ ọ́ sára páálí kékeré abẹ́ rẹ̀ pé: Peigi Gillanders ló rán an, ọdún 1956.